Ẹ̀fẹ̀ Ṣíṣe Lórí Àwọn Aláṣẹ

Ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì dúró níwájú adájọ́ májísíréètì kan ní ìlú Kánò. Ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ba Ọ̀mọ̀wé Abdullahi Umar Ganduje, tí í ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Kánò nígbà náà, lórúkọ jẹ́, àti pé wọ́n ṣe ohun tí ó lè da ìlú rú. A kò bá ìbọn lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì kó ẹgbẹ́ jọ láti gba ilé ìjọba. Eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n ṣe. Wọ́n ya á sínú fọ́nrán, wọ́n gbé e sórí TikTok àti Facebook, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó ní tẹlifóònù lọ́wọ́ ti lè wò ó. Nínú eré náà, wọ́n fi gómìnà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ owó ìlú, wọ́n sì ní oorun ni ó ń sùn nídìí iṣẹ́.

Àwọn méjèèjì gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ó ṣíjú àánú wo àwọn. Adájọ́ ní kí a na ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní pàṣán 20, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san owó ìtanràn ₦10,000, kí wọ́n máa tún àyíká ilé-ẹjọ́ ṣe fún 30 ọjọ́, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gómìnà ní gbangba.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí irú rẹ̀ tún fi ṣẹlẹ̀. Àwọn agbófinró lọ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Dutse, ní Ìpínlẹ̀ Jígáwá. Láti oṣù Kẹfà ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fi àwòrán aya Ààrẹ ìgbà náà sí ojú ìwé rẹ̀ lórí Twitter, tí ó sì fi èdè Haúsá kọ ọ́ pé owó àwọn tálákà ni ìyá náà jẹ tí ó fi sanra. Wọ́n gbé e dé Àbújá, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì mú un lọ sí ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀ nílé lóko àti lẹ́yìn odi, a fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, a sì dá ọmọ náà sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Obìnrin wo ni inú rẹ̀ yóò dùn kí ọmọ tí ó lè bí máa sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ báyìí lójú ayé? Ṣùgbọ́n bóyá ó dára kí ọmọdé bú àgbà kọ́ ni ìbéèrè tí ó wà níwájú orílẹ̀-èdè yìí. Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀yẹ. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé agbára ìjọba, pẹ̀lú ọlọ́pàá rẹ̀, túbú rẹ̀ àti pàṣán rẹ̀, ṣé nítorí kí ó lè máa gbẹ̀san ẹ̀rín ni àwọn ará ìlú ṣe fi lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́?

Ẹni tí ó bá mọ Kánò dáadáa mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Láti ayébáyé, nínú oṣù Ramadan, bí ààwẹ̀ bá ti pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ni àwọn ọmọdé Haúsá ti máa ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní tashe. Wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní alẹ́, lẹ́yìn ìṣínu. Ọmọ kékeré kan láàárín wọn á lẹ òwú funfun mọ́ àgbọ̀n bí irùngbọ̀n, á wé láwàní, á di àlùfáà àgbà. Àwọn yòókù á máa lùlù, wọ́n á máa kọrin pé kí àlùfáà jó. Àlùfáà tòótọ́ tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fún wọn ní owó tàbí oúnjẹ. Ilẹ̀ Haúsá kan náà ni ó bí àwọn aláwàdà tí à ń pè ní 'Yan Kama, tí wọ́n máa ń sín oníwàásù àti onírárà jẹ ní gbangba ọjà. Ohùn tí oníwàásù fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀run ni àwọn yóò fi máa yin tuwo àti ẹran sísun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àṣà ilẹ̀ Òkè Ọya kò fàyè gba fífi ẹni ńlá ṣe ẹ̀fẹ̀ kò bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní àwọn ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Kétu àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, ní ìhà méjèèjì ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, alẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán. Ní alẹ́ náà, òṣèré lè fi orin tú àṣírí ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, ilẹ̀ yóò mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé èéṣe. Ní Techiman, ní orílẹ̀-èdè Ghana, ọdún Apoo wà, nínú èyí tí mẹ̀kúnnù ti ń kọ orin èébú sí ìjòyè àti ọba, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Òwò ni ó gbé Willem Bosman, ará Netherlands, dé Etíkun Wúrà, ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1704, ó ròyìn ọdún kan tí ó fi ọjọ́ mẹ́jọ gbáko gba olúkúlùkù láyè láti bú àgbà àti ọmọdé láìsí ìjìyà. Àwọn baba ńlá tí ó dá àwọn ọdún wọ̀nyí sílẹ̀ kò ka ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ẹnu jáde yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Àmọ́ ṣá o, ohun kan wà tí kò yẹ kí àwọn tí ń gbèjà òmìnira gbàgbé. Òmìnira àtijọ́ yẹn ní ọgbà yí ká. Ó ní alẹ́ tirẹ̀, ó ní ìlù tirẹ̀, ó ní aṣọ tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọba padà di ọba. Yorùbá a máa wí pé a kì í bú ọba onígègè lójú ènìyàn rẹ̀, ìkìlọ̀ yẹn sì wà ní àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣe alẹ́ ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sì dúró ní agbo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni òun wá wò. Ti orí ẹ̀rọ ayélujára kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní alẹ́, kò ní òwúrọ̀. Eré tí a ṣe ní Kánò ní àárọ̀ lè dé Port Harcourt kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ Haúsá, tí kò mọ aláwàdà náà rí, tí yóò sì rò pé òtítọ́ ni. Èyí ni ó ń bí àwọn aláṣẹ nínú, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé òògùn tí wọ́n fẹ́ lò fún un ti gbó, ó sì ti pa ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

Láti 1909 ni ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn Èkó ń ta wọ́n lára. Gẹ̀ẹ́sì lọ, òfin dúró. Ní 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn òmìnira, a pe Ọ̀mọ̀wé Chike Obi, onímọ̀ ìṣirò àti olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, lẹ́jọ́ nítorí ìwé pẹlẹbẹ tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń ṣèjọba. Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dájọ́ pé òfin náà kò tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tí ó wà nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Hubert Ogunde ṣe eré *Yorùbá Ronú*. Kò dárúkọ ẹnì kan. Ìtàn ọba àti ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣèjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn gbọ́ orúkọ ara wọn nínú ohun tí a kò wí, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Ó di 1966, nígbà tí ìjọba ológun ti dé, kí a tó tú u sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin yẹn mú àlàáfíà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn kí ó rántí ohun tí ojú rí níbẹ̀ láàárín 1964 àti 1966.

Ó di 1983 kí ilé-ẹjọ́ ńlá kan tó sọ̀rọ̀ mìíràn. Arthur Nwankwo kọ ìwé kan nípa bí Gómìnà Jim Nwobodo ṣe ń ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Anámbra ìgbà náà, ilé-ẹjọ́ gíga sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Enugu, àwọn adájọ́ dá a láre. Wọ́n ní òfin tí a ṣe láti dáàbò bo aláṣẹ àjèjì kò bá orílẹ̀-èdè mu tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń dìbò yan ẹni tí yóò ṣàkóso wọn. Bí inú bá bí gómìnà nítorí pé a bà á lórúkọ jẹ́, kí ó lọ pe ẹjọ́ bí olúkúlùkù ọmọ ìlú ti í ṣe é: kí ó dúró níwájú adájọ́, kí ó mú ẹ̀rí wá, kí lọ́yà ẹnì kejì sì bi í ní ìbéèrè. Ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo aláṣẹ títí di òní. Àwọn tí ń gbà á kò pọ̀, nítorí ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ lọ sí irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí a wo inú àpò òun náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ti di ohun tí a kò lè fi igboyà lò mọ́ ni òfin mìíràn dé. Ní oṣù Karùn-ún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú òfin náà wúlò, nítorí ìlú ti kún fún àwọn gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 24 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá fi kọ̀ǹpútà rán ọ̀rọ̀ tí ó burú jáì sí ẹlòmíràn, tàbí ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni láti fi mú un bínú, láti fi yọ ọ́ lẹ́nu tàbí láti fi bú u, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó san ìtanràn tí ó tó ₦7,000,000, tàbí méjèèjì. Kí olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan ro ọ̀rọ̀ náà wò. Irọ́ tí a mọ̀ pé irọ́ ni, tí a sì fi mú ènìyàn bínú: ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo aláwàdà ń ṣe nìyẹn? Ẹni tí ó bá wọ agbádá tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó ní òun ni mínísítà, tí ó sì ń ka owó tí kò ní òpin, mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Gbogbo àwọn tí ń wò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, tí ó jókòó ní Àbújá níhìn-ín, wo abala náà ní 2020, ó sì dájọ́ pé ó tako ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Áfíríkà, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní ojú òpó. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ní oṣù Kẹta 2022, ó tún ìdájọ́ yẹn sọ, ó sì ní kí Nàìjíríà ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe náà dé ní oṣù Kejì 2024. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìbínú, ìyọlẹ́nu àti èébú kúrò. Ohun tí ó kù ni àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti fi da òfin àti ètò ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Ó yẹ kí a yin àwọn aṣòfin fún èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé eré kan lè da ìlú rú? Ọlọ́pàá tí ó ń mú aláwàdà ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, kí adájọ́ tó rí i. Ẹ̀sùn dída ìlú rú gan-an sì ni ọ̀kan nínú ohun tí a kà sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kánò lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan a máa rò pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Lóòótọ́, ní 1988, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ níbẹ̀ dájọ́, láìsí adájọ́ kan tí ó yapa, pé gbajúgbajà oníwàásù Jerry Falwell kò lè gba owó lọ́wọ́ ìwé ìròyìn *Hustler* tí ó fi òun àti ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tí ó burú, nítorí pé kò sí ènìyàn gidi tí ó lè rò pé òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta 2016, ọkùnrin kan ní ìlú Parma, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣí ojú ìwé kan lórí Facebook tí ó jọ ti ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kéde iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé kí àwọn tí wọn kì í ṣe aláwọ̀ funfun má wulẹ̀ dá ara wọn láàmú. Ojú ìwé náà kò pẹ́ ju nǹkan bí wákàtí 12 lọ. Àwọn kan tẹ àgọ́ ọlọ́pàá láago láti bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí a fi ṣe ẹlẹ́yà náà ni wọ́n wá a rí, wọ́n mú un, ó sì lo ọjọ́ mẹ́rin ní àtìmọ́lé. Ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kò jẹ̀bi. Nígbà tí ó wá pe àwọn ọlọ́pàá náà lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 2022 pé òfin dáàbò bò wọ́n, kò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kejì 2023, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ọ.

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ Parma tí ó yẹ kí àwọn aláwàdà Nàìjíríà fi etí sí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá gidi kìlọ̀ fún ará ìlú pé ojú ìwé èké kan wà, aláwàdà náà da ìkìlọ̀ náà kọ sí ojú ìwé tirẹ̀, bí ẹni pé òun ni ojúlówó. Bí ẹnì kan bá sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé èké ni, ó ń pa á rẹ́. Èyí ni àwọn ọlọ́pàá dì mú. Ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín *The Onion* bá ọkùnrin náà kọ̀wé sí Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ pé ẹ̀fẹ̀ tí a bá ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú orí ti kú. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà dé àyè kan. Ẹni tí ó bá ń sín ẹlòmíràn jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ ọ́ kí ẹ̀rín tó wá.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kì í ṣe Parma. Níbí, bí a bá ṣí ojú ìwé tí ó jọ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a sì kéde iṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ni yóò fi orúkọ sílẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì yá owó wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Bí a bá fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ya ohùn olórí ètò ìdìbò, tí ohùn náà sì ní a ti sún ìbò síwájú, ta ni yóò dúró wò ó bóyá ẹ̀fẹ̀ ni? Ẹni tí ó bá gba ipò ẹlòmíràn láti fi gba owó, tàbí láti fi lé àwọn olùdìbò sílé, kì í ṣe aláwàdà. Abala 22 nínú òfin 2015 kan náà ti de irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni a sì lè fi mú un láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan eléré. Èyí tí ó yẹ kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni ó pàdánù nǹkan? Bí ó bá jẹ́ iyì gómìnà nìkan ni ó sọnù, ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì wà níbẹ̀, gómìnà kò sì ní ṣàìrí lọ́yà gbà.

Ní orílẹ̀-èdè Ghana, láti 2001 ni wọ́n ti yọ ìbanilórúkọjẹ́ kúrò lára ohun tí ìjọba lè fi rán ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n. Ìlú kò fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún Nàìjíríà ju àtúnṣe 2024 lọ, nítorí kì í ṣe òfin orí kọ̀ǹpútà ni a fi na àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kánò. Òfin ìwà ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ ni, èyí tí ó ti wà kí a tó mọ ohun tí ń jẹ́ TikTok. Àtúnṣe tí a ṣe ní Àbújá kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn aṣòfin náà ni a sì ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rí lórí ẹ̀rọ ayélujára.